Orí Keje: Ẹ̀fẹ̀ àti Ọgbọ́n nínú Eré Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ (Bàbá Sàlá)

Nínú àwọn ẹ̀ka lítíréṣọ̀ Yorùbá tí àwọn olùkọ́ máa ń fi àkókò púpọ̀ ṣàlàyé, ìjálá, ẹkún ìyàwó, oríkì àti ẹsẹ Ifá ni ó sábà máa ń gba iwájú, tí ẹ̀fẹ̀ yóò sì kù sẹ́yìn, bí ẹni pé ohun tí ó bá ti lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín kò lè ní ìjìnlẹ̀ mọ́. Èrò yìí kò tọ̀nà, ìpalára tí ó sì ti ṣe kò kéré, nítorí òun ni ó fà á tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ aláwàdà ńlá ilẹ̀ Yorùbá fi ń parẹ́ láìsí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Orí yìí dá lé Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Sàlá, tí wọ́n bí ní ọdún 1936, tí ó sì papòdà ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2018. Ohun tí yóò hàn nínú rẹ̀ ni pé inú ẹ̀dá-ìtàn kan ṣoṣo tí ọkùnrin yìí fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ni ọgbọ́n rẹ̀ wà, àti pé ẹ̀dá-ìtàn náà ru àléébù gbogbo ìlú débi tí ìlú fi lè rí ara rẹ̀ láìsí ẹni tí wọ́n bú.

Ẹ̀fẹ̀ kí tẹlifíṣọ̀n tó dé

Láàárín àwọn Yorùbá, àwàdà ni ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe tí ó ń dá ènìyàn lára yá, tí kò sì ní ẹnìkan pàtó tí ó fẹ́ fi gún lára. Yẹ̀yẹ́ a máa ní ẹni tí ó dojú kọ, ó sì lè dun onítọ̀hún wọra. Ẹ̀fẹ̀ ní tirẹ̀ gbòòrò débi tí ó fi kó méjèèjì mọ́ra, pàápàá nígbà tí ó bá di ẹ̀fẹ̀ aláríwísí, èyíinì ni ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi ń tọ́ka sí ìwàkiwà ẹnìkan tàbí ti àwùjọ kí wọ́n lè tún un ṣe. Ní Kétu, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, àti láàárín àwọn ará Yewa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ̀fẹ̀ aláríwísí ti di iṣẹ́ ọnà tí ó ní òru tirẹ̀ nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ijó ọ̀sán, òṣèré tí àwọn náà ń pè ní Ẹ̀fẹ̀ yóò gbé ère sórí, yóò jáde sí gbangba ọjà, yóò sì máa kọrin di ìdájí, tí yóò fi orin náà bá olè, ọ̀dàlẹ̀ àti ìjòyè tí ó ń ṣi agbára lò wí, nígbà tí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá mú kò ní ohun mìíràn ṣe ju kí wọ́n bá èrò rẹ́rìn-ín lọ. Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò, ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ wọn ní ọdún 2008.

Ẹ̀rí mìíràn pé iṣẹ́ ẹ̀fẹ̀ ti pẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn eégún alárìnjò, ìyẹn àwọn eégún apidán tí wọ́n ń ti ìlú dé ìlú láti ṣeré, tí wọ́n sì ń gba owó àti ẹ̀bùn. Ní ọdún 1826, nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland, àti ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, èyí tí ìwé àwọn Òyìnbó ayé ìgbà náà ń pè ní Katunga, wọ́n ṣe eré eégún níwájú wọn. Clapperton kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1829 lẹ́yìn ikú rẹ̀, pé eégún kan di òyìnbó lójú wọn kòrókòró: ó funfun báláú, ó rù hangogo, òtútù ń mú un, ó ń fi áṣáà símú, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn tìkọ̀tìkọ̀ bí ẹni tí kò fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Àwọn òǹwòran ń pe àlejò náà pé kó má gbójú kúrò, òun náà sì jẹ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé òṣèré náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Àkọsílẹ̀ yìí níye lórí púpọ̀, nítorí ó fi hàn pé ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà wọ ilẹ̀ Yorùbá fún eré ni àwọn òṣèré ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ, ìrìn àti ìṣesí ara ṣe ẹ̀fẹ̀ ẹni tí ó jókòó síwájú wọn, tí ẹni náà yóò sì yìn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ gbangba àti ọ̀rọ̀ ẹ̀bùrú

Ìgbà tí Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọ́sà, gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní ọdún 1944 ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ tíátà alárìnká ti òde òní, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣèré tí ó fi eré ṣe iṣẹ́ òòjọ́, tí ó ní ọkọ̀ àti ohun èlò tirẹ̀, tí ó sì ń ti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. Púpọ̀ nínú àwọn aṣíwájú tíátà yìí, bíi Ògúndé fúnra rẹ̀, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládiípọ̀, ni ó ti ṣe olùkọ́ rí, tí wọ́n sì mú àpẹẹrẹ orin àti eré ìjọ wọ orí ìtàgé. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n fẹ́ kọ́ni, wọn kò sì fi bò. Nígbà tí Ògúndé fi eré Yorùbá Ronú sọ̀rọ̀ sí ìjà àwọn olóṣèlú ní ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà, òfin náà kò sì yẹ̀ títí ìjọba ológun fi dé ní ọdún 1966.

Orúkọ kan wà ní Ajah tí ó tún ń rán ni létí ohun tí ọ̀rọ̀ gbangba lè fà. Abraham Adésànyà Estate, tí ó wà lẹ́bàá òpópónà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ni wọ́n fi sọ orí agbẹjọ́rò ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí wọ́n bí ní ọdún 1922, tí ó ṣe aṣòfin àgbà lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN, tí ó di olórí ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re, tí ó sì dojú kọ ìjọba ológun Sani Abacha nínú NADECO, ẹgbẹ́ tí ó jà fún ìjọba tiwantiwa, láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1997, àwọn agbébọn rọ̀jò ọta sí ọkọ̀ rẹ̀ ní Èkó, ọta kò bà á, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní Apamákùú, orúkọ tí ó ń jẹ́ títí ó fi kú ní ọdún 2008. Ògúndé àti Adésànyà kò sí nínú iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì la ẹnu wọn sọ òótọ́ sí ìjọba, ojú wọn sì rí i.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni ti Bàbá Sàlá. Àwọn kan ti rò pé ẹ̀rù ni ó mú un yà sí ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n èrò náà kò wo iṣẹ́ rẹ̀ fínnífínní. Ọ̀rọ̀ gbangba ń bá ìjọba wí, ìjọba sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ẹ̀fẹ̀ Bàbá Sàlá ń bá ìwà wí, ìwà náà sì wà lọ́wọ́ ọ̀gágun, lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, lọ́wọ́ oníṣòwò àti lọ́wọ́ tálákà tí ó san owó wọlé wá wòran. Òfin tí yóò de irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣòro láti kọ, nítorí ẹni tí ó bá kọ ọ́ ti jẹ́wọ́ pé òun ni ẹ̀fẹ̀ náà bá mu.

Láti orí orin dé orí ìtàgé

Orin highlife ni Moses Ọláìyá fi bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies, ibẹ̀ sì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ayé wá mọ̀ sí King Sunny Adé ti ta gìtá kí ó tó kúrò ní ọdún 1967 láti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ipa tí orin ní lórí ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kò ṣe é fojú fò: ẹni tí ó ti mọ bí ìlù ṣe ń dúró díẹ̀ kí ó tó bọ́ síbi tí ó dùn ti mọ bí a ṣe ń dá ọ̀rọ̀ dúró kí ẹ̀rín tó bú jáde. Ẹgbẹ́ eré rẹ̀, tí ó pè ní Aláwàdà, gbilẹ̀ ní àárín ọdún 1960 sí 1970, WNTV ní Ìbàdàn, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1959 gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, sì gbé ojú rẹ̀ dé inú ilé àwọn tí kò lè dé gbọ̀ngàn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tíátà tí ó ṣáájú rẹ̀ tí ó fi àwàdà nìkan ṣe ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́. Àwàdà a máa wà nínú eré wọn gẹ́gẹ́ bí ìsinmi láàárín ọ̀rọ̀ tí ó le. Ọláìyá ni ó sọ ọ́ di odidi eré, tí ó sì fi hàn pé ó lè bọ́ ẹgbẹ́ ńlá.

Ẹ̀dá-ìtàn tí ó ru àléébù ìlú

Ẹ̀dá-ìtàn ni ènìyàn tí òǹkọ̀wé tàbí òṣèré dá sínú iṣẹ́ rẹ̀, tí ó ní ìwà, ìṣe àti ìsọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀dá-ìtàn tí Ọláìyá dá ni Lámídì Sànní, Bàbá Sàlá, ọkùnrin kan tí kò ní lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí ó fẹ́ kí ayé máa wo òun bí olówó, tí ó láhun, tí ó lójúkòkòrò, tí ó sì gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ lójú ara rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Táì ọrùn rẹ̀ tóbi kọjá ààlà. Férémù awò ojú rẹ̀ fẹ̀ gbàgàdà, kò sì ní dígí nínú. Aago tí ó yẹ kí ó jókòó sórí tábìlì ni ó so mọ́ ara bí aago ọrùn ọwọ́. Ọ̀nà ìṣẹ̀fẹ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní àsọrégèé, ìyẹn sísọ ohun kan di ńlá ju bí ó ti yẹ lọ kí òtítọ́ rẹ̀ lè yọ. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ni akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà máa ń pàdé àsọrégèé, ṣùgbọ́n Bàbá Sàlá gbé tirẹ̀ wọ̀ sára.

Kí ni òtítọ́ tí aago ńlá náà fẹ́ yọ? Ìdáhùn wà nínú ìgbà tí ó wọ̀ ọ́. Àwọn ọdún 1970 ni owó epo rọ̀bì ya wọ Nàìjíríà. Ní ọdún 1974 sí 1975, ìjọba fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ lábẹ́ ètò tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Udoji, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ oṣù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọjà fi kún fún rédíò, aago, fáànù àti ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó rà á kò tíì ní iná tàbí ọ̀nà tí wọn yóò fi lò ó. Ẹni tí ó bá rí Bàbá Sàlá pẹ̀lú awò tí kò ní dígí ń rí ọ̀làjú tí ojú rẹ̀ kò ríran, ẹni tí ó sì rí aago náà ń rí ènìyàn tí ó ra aago láìkọ́ bí wọ́n ṣe ń pa àkókò mọ́. Bàbá Sàlá kò sọ èyí jáde lẹ́nu rí gẹ́gẹ́ bí ìwàásù, ìdí nìyí tí ó fi wọlé.

Ìwà ẹ̀dá-ìtàn yìí ní ìran nínú àlọ́ Yorùbá. Ìjàpá ni baba ńlá rẹ̀. Gbogbo ọmọ Yorùbá tí wọ́n pa àlọ́ fún ni ó mọ bí Ìjàpá ṣe kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè kan, tí ó so ó mọ́ àyà, tí ó sì fẹ́ gun igi lọ gbé e pamọ́, títí ẹnìkan tí ń kọjá lọ fi sọ fún un pé ẹ̀yìn ni ó yẹ kí ó gbé e kọ́. Ètò ẹ̀fẹ̀ tí ó wà nínú àlọ́ yìí náà ni ó wà nínú eré Bàbá Sàlá: ẹni tí ó ka ara rẹ̀ kún ọlọ́gbọ́n jù lọ ni ó ń gbẹ́ kòtò, òun náà ni ó ń já sínú rẹ̀, ẹni tí kò sì já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀, ìránṣẹ́, ọmọ kékeré tàbí ìyàwó ilé, ni ó máa ń mọ ohun tí òun kò mọ̀. Ìyàtọ̀ tí Ọláìyá mú wọ inú rẹ̀ ni pé Ìjàpá kò bá ọjà òde òní pàdé. Bàbá Sàlá ń bá ilé ìfowópamọ́, gbájú-ẹ̀, dókítà àti ọlọ́pàá lò, àwọn tí ń wòran sì mọ gbogbo àwọn ènìyàn wọ̀nyí.

Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti jinlẹ̀ jù ni pé òǹwòran kò kórìíra ẹ̀dá-ìtàn náà. Ahun ni, òpùrọ́ ni, síbẹ̀ àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ débi tí wọ́n fi gbàgbé orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ohun tí ó fa ìfẹ́ yìí ni pé ìrora rẹ̀ hàn gbangba: àìní ni ó ń sá fún, ìtìjú àìní ni ó sì ń sọ ọ́ di ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó bá ti yá aṣọ lọ sí òde rí, tàbí tí ó ti purọ́ fún àna rẹ̀ nípa iye tí ó ń gbà lóṣù, kò lè wo Bàbá Sàlá kí ó má rí ara rẹ̀ fìrí, ṣùgbọ́n nítorí pé aago náà ti tóbi jù, yóò lè sọ fún ara rẹ̀ pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Ààyè tí ẹ̀fẹ̀ fún un láti sá pamọ́ yìí ni ó jẹ́ kí ó lè gba ìbáwí náà láìbínú, àánú sì wà nínú rẹ̀.

Ẹnìkejì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má bàa rò pé ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni irú ẹ̀fẹ̀ ọlọ́gbọ́n báyìí ti ń ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí ó mọ̀ nípa Samuel Langhorne Clemens, ọmọ ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní ọdún 1835, tí ó sì kú ní ọdún 1910. Ó ti tukọ̀ ojú omi lórí odò Mississippi rí, láti inú iṣẹ́ náà ni ó sì ti mú orúkọ tí ó fi ń kọ̀wé, Mark Twain, tí ó jẹ́ igbe tí àwọn atukọ̀ máa ń ké nígbà tí omi bá jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Ní ọdún 1895, Twain kọ àròkọ kan lórí bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn apanilẹ́rìn-ín, ohun tí ó sì tẹnu mọ́ ni pé ẹni tí ń sọ ọ́ gbọ́dọ̀ le ojú koko, bí ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ìlànà yìí gan-an ni Bàbá Sàlá fi ṣiṣẹ́. Òṣèré tí ó bá ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ti gba ẹ̀rín lẹ́nu òǹwòran. Bàbá Sàlá a máa ro ìṣòro rẹ̀ tọkàntọkàn, bí ayé òun ṣe fẹ́ bàjẹ́, ìrònú náà ni ó sì ń mú gbọ̀ngàn wó.

Ohun mìíràn tún so àwọn méjèèjì pọ̀, ó sì bani nínú jẹ́. Twain fi owó ńlá lé ẹ̀rọ tuntun kan fún títo lẹ́tà ìtẹ̀wé tí James Paige ń ṣe, ẹ̀rọ náà kò yọrí sí rere, ní ọdún 1894 ó sì kéde pé òun kò lè san gbèsè. Ẹni tí ó ti tó ọmọ ọgọ́ta ọdún tún gbéra ní ọdún 1895, ó rìn káàkiri Australia, New Zealand, India àti Gúúsù Áfíríkà, ó ń fi ẹ̀fẹ̀ bá èrò sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn, títí ó fi san gbogbo gbèsè náà tán. Ẹ̀rọ tuntun mìíràn, ẹ̀rọ fídíò, ni ó ba ọrọ̀ Bàbá Sàlá jẹ́, ṣùgbọ́n ní tirẹ̀, àwọn tí ó fi ẹ̀rọ náà jí iṣẹ́ rẹ̀ ni ó jẹ̀bi.

Ọ̀run Móoru

Ní ọdún 1982, Moses Ọláìyá gbé sinimá rẹ̀ àkọ́kọ́, Ọ̀run Móoru, jáde, Ọlá Balógun sì ni olùdarí rẹ̀. Ìtàn náà dá lé ọkùnrin kan tí àwọn gbájú-ẹ̀ fi ìlérí pé àwọn yóò sọ owó rẹ̀ di púpọ̀ lù ní jìbìtì, tí ìbànújẹ́ sì mú un fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, tí ó bá ara rẹ̀ ní ọ̀run, níbi tí wọ́n ti jẹ́ kí ó mọ̀ pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Ẹ̀rín kún inú sinimá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó gbé dìde kò rọrùn: bí ojúkòkòrò bá ti sọ ayé di iná fún ènìyàn, tí ọ̀run náà sì móoru, níbo ni yóò sá lọ? Ní ọdún tí ìlú ń sáré owó òjijì, tí iye owó epo sì ti ń wálẹ̀ lágbàáyé, ìbéèrè yìí bá àkókò mu ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ olóṣèlú lọ.

Bí wọ́n ṣe ń pa owó lórí sinimá nígbà náà yẹ ní mímọ̀. Fíìmù gidi ni wọ́n fi ń ya á, owó rẹ̀ sì wọ́n púpọ̀. Ọ̀pọ̀ onítíátà ni ó ní láti yá owó kí wọ́n tó lè ṣe é. Nígbà tí ó bá parí, olórí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò gbé róòlù fíìmù káàkiri gbọ̀ngàn, ilé ìwé àti ilé sinimá, tí yóò máa gba owó lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà ẹni tí ó bá ti wò ó níbòmíràn kò ní san owó mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ń wọ ilé àwọn ènìyàn ní àkókò kan náà. Àwọn kan ṣe àdàkọ Ọ̀run Móoru láìgba àṣẹ, wọ́n tà á káàkiri, ẹni tí ó fi owó tí ó yá ṣe iṣẹ́ náà kò sì rí èrè rẹ̀ jẹ. Gbèsè rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bàbá Sàlá kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní ọdún 1983, ó ṣe Mosebọ́látán àti àwọn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ti àkọ́kọ́ kò jinná.

Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ, ìyẹn òfin tí ó sọ pé ẹni tí ó dá iṣẹ́ kan nìkan ni ó ní àṣẹ láti tẹ̀ ẹ́, dà á kọ tàbí tà á, ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1970, ṣùgbọ́n ìyà tí ó wà nínú rẹ̀ kò tó láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ọdún 1988 ni ìjọba ológun tó fi òfin tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn Ọ̀run Móoru, èyí tí ó wà lónìí sì di òfin ní ọdún 2023. Ìdájọ́ ìtàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣègbè: àwọn ará ìlú tí wọ́n ń pariwo orúkọ Bàbá Sàlá ní ojú títì ni wọ́n ra kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n jí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín nínú ilé. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn eré Yorùbá mọ èyí, kó sì dùn wọ́n.

Láti rédíò dé Lẹ́kì àti Ajah

Ẹ̀fẹ̀ Bàbá Sàlá nílò ojú. Gbénga Adébóyè, ọmọ Òde-Òmu tí wọ́n bí ní ọdún 1959, tí ó sì kú ní ọdún 2003 láìtíì pé ọdún mẹ́rìnlélógójì, ni ó fi hàn pé etí nìkan tó. Lórí ètò rédíò rẹ̀ Fúnwọntán àti nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí ó gbé jáde, òun nìkan a máa fi ohùn oríṣiríṣi ènìyàn sọ̀rọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀ka èdè àti ìwà tirẹ̀, tí ẹni tí ń gbọ́ yóò fi rò pé ènìyàn mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀. Ó pe ara rẹ̀ ní Alhaji, Pásítọ̀ àti Olúwo lẹ́ẹ̀kan náà, orúkọ tí ó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, tí ó sì tún jẹ́ ẹ̀bẹ̀ pé kí ẹlẹ́sìn mẹ́ta tí ó wà nínú agboolé Yorùbá kan má fi ẹ̀sìn ya ara wọn. Nínú ìfọ̀rọ̀dárà, ìyẹn lílo ohùn àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ láti dá àrà, kò sí aláwàdà ìgbà rẹ̀ tí ó kọjá rẹ̀.

Ní agbègbè Lẹ́kì àti Ajah lónìí, ẹ̀rọ ìléwọ́ ti gba ipò gbọ̀ngàn. Ẹni tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ bá ká mọ́ ojú ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́, tí kò tíì dé oríta Abraham Adésànyà kó tó yà sí ilé, ẹ̀fẹ̀ ni yóò máa wò lórí fóònù láti fi gbàgbé ìrẹ̀wẹ̀sì. Skit ni wọ́n ń pe irú eré bẹ́ẹ̀, eré kúkúrú tí kì í ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ, tí òṣèré yà, tí ó sì fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Wọ́n ń ya púpọ̀ nínú wọn nínú àwọn ilé ńlá àti ní ẹnu géètì estate ní agbègbè yìí, nítorí ilé olówó àti ìwà tí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ náà ń dá lé.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti lóye Bàbá Sàlá yóò tètè mọ ẹbí rẹ̀ láàárín àwọn wọ̀nyí. Adébọ̀wálé Adédàyọ̀, tí wọ́n mọ̀ sí Mr Macaroni, dá ẹ̀dá-ìtàn baba olówó kan tí ń sáré tọ ọmọbìnrin kiri, gbogbo àgbàlagbà tí ó fi owó ṣe ìwàkiwà ni baba náà sì ń rù lórí bí Lámídì Sànní ti ru àwọn aláṣehàn tí kò ní lọ́wọ́. Òṣèré yìí kan náà kúrò ní ọ̀nà ẹ̀bùrú bọ́ sí ti gbangba: ní oṣù Èrèlé ọdún 2021, àwọn ọlọ́pàá mú un níbi ìwọ́de ní ẹnu ibodè ìgbowó-ọkọ̀ Lẹ́kì. Maryam Apaokagi, tí wọ́n mọ̀ sí Taaooma, ń ṣe ìyá, ọmọ àti bàbá nínú eré kan náà, bí Gbénga Adébóyè ti ń fi ohùn ṣe é, ohun tí ó sì ń sọ nípa bí òbí ṣe ń tọ́ ọmọ ní ilé Yorùbá kò kéré sí ìwé. Ayọ̀ Ajéwọlé, Wòlíì Àgbà, mú ẹ̀fẹ̀ wọ inú ìjọ láìfi ìgbàgbọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, iṣẹ́ tí ó gba ìwọ̀n púpọ̀.

Kì í ṣe gbogbo skit ni ó yẹ ní ìyìn, ìwé ẹ̀kọ́ kò sì gbọdọ̀ dákẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tí ó fi abirùn, akólòlò tàbí ẹni tí ó sanra ṣe yẹ̀yẹ́ kò bá ìwà kankan wí, nítorí kò sí ohun tí onítọ̀hún lè tún ṣe nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó ń mú ènìyàn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ní ojú ọ̀nà, tí ó dẹ́rù bà á kí kámẹ́rà lè rí ẹ̀rù rẹ̀. Ara òṣèré fúnra rẹ̀ ni Bàbá Sàlá so aago ńlá mọ́, kò so ó mọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn. Òṣùwọ̀n tí ó dára jù fún ẹ̀fẹ̀ nìyí, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi í wọn gbogbo eré tí ó bá pàdé.

Iṣẹ́ kan kù tí ìwé nìkan kò lè ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn eré tí Aláwàdà ṣe ní gbọ̀ngàn ni kò sí lórí fíìmù tàbí nínú ìwé kankan, inú orí àwọn tí ó wò wọ́n nìkan ni ó wà. Àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ń gbé ní Abraham Adésànyà Estate, ní Badore, ní Sangotedo àti ní ibi gbogbo tí àwọn tí ó fi iṣẹ́ ìjọba, ìṣòwò tàbí iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ti ń sinmi. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ tọrọ ààyè, kí ó kí wọn bí ó ti yẹ, kí ó sì bi wọ́n léèrè ìlú tí wọ́n ti wo eré náà, ọdún tí ó jẹ́, orúkọ eré náà bí wọ́n bá rántí, ohun tí Bàbá Sàlá wọ̀ àti ibi tí ẹ̀rín ti pọ̀ jù. Kí ó gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà tí Ọ̀run Móoru jáde ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, nítorí náà kí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní sáà ẹ̀kọ́ yìí.